Ọwọ́ Òsì Ni Ó Fi Búra: Ìdáhùn Nípa Ìgbésí Ayé Daniel Inouye

Òǹkàwé wa kan tí ó ń gbé ní Houston kọ̀wé sí wa báyìí: “Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Àbúrò mi ọkùnrin wà nínú iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà, Hawaii ni wọ́n sì gbé e lọ. Nígbà tí mo lọ kí i, mo rí i pé orúkọ Daniel K. Inouye ni wọ́n fi sọ pápákọ̀ òfurufú Honolulu. Àbúrò mi sọ fún mi pé sójà ni ọkùnrin náà, pé apá rẹ̀ kan gé lójú ogun, pé lẹ́yìn náà ni ó di lọ́yà, tí ó sì di aṣòfin títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Ó ní ọ̀nà tí òun náà fẹ́ tọ̀ nìyẹn. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ là yé mi ni èyí: ṣé oyè akọni tí ọkùnrin yìí gbà lójú ogun ni ó gbé e dé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ni, àbí ìmọ̀ òfin tí ó kọ́?”

Ẹ ṣé tí ẹ béèrè. Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí a gbé ọjọ́ méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Oṣù Kẹjọ ọdún 1959 ni Inouye búra wọlé sí ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin ní Washington. Medal of Honor, tí ó jẹ́ àmì-ẹ̀yẹ tí ó ga jù lọ tí ológun Amẹ́ríkà lè gbà, kò tó o lọ́wọ́ títí di ọjọ́ 21 Oṣù Kẹfà ọdún 2000, nígbà tí ó ti lo ohun tí ó lé ní ọdún 37 nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà. Bí ó bá jẹ́ pé àmì-ẹ̀yẹ yẹn ni àbúrò yín ní lọ́kàn, kì í ṣe òun ni ó gbé e débẹ̀. Òótọ́ ni pé ó ti ní òmíràn tí ó rẹlẹ̀ sí i, Distinguished Service Cross, ó sì ní apá aṣọ kan tí ó ṣófo tí gbogbo ayé ń rí. Ṣùgbọ́n ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkùnrin ni ó bá àmì-ẹ̀yẹ àti àléébù bọ̀ láti ogun yẹn tí ẹnikẹ́ni kò dìbò fún. Àwọn lọ́yà náà pọ̀ lọ jaburata tí wọn kò dé ibìkan. Èrò tèmi ni pé ọdún mẹ́sàn-án tí ó wà láàárín ogun àti ìdìbò rẹ̀ àkọ́kọ́, láti 1945 sí 1954, ni ìdáhùn ìbéèrè yín wà, òun sì ni àwọn tí ń sọ ìtàn rẹ̀ sábà máa ń fò kọjá. N óò dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ibi tí ó ti wá.

Ọjọ́ keje Oṣù Kẹsàn-án ọdún 1924 ni wọ́n bí i ní Honolulu. Bí ìdílé rẹ̀ ṣe dé erékùṣù náà jọ ọ̀rọ̀ ìwọ̀fà tí àwọn àgbà wa mọ̀ dáadáa. Gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń sọ ọ́, iná ṣẹ́ ní ilé bàbá-ńlá rẹ̀ ní abúlé kan ní Japan, ó sì ran ilé àwọn aládùúgbò. Ìdílé náà ni yóò san ohun tí ó jóná, gbèsè ọ̀hún sì tó 400 dọ́là, iye tí àgbẹ̀ abúlé kò lè rí láyé. Wọ́n rán àkọ́bí wọn ọkùnrin, Asakichi, lọ sí oko ìrèké ní Hawaii ní ọdún 1899, pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ wọn kékeré, Hyotaro. Wọ́n rò pé ọdún díẹ̀ ni yóò fi sìn ín tán. Nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ni ó gbà. Kí gbèsè náà tó tán, Hyotaro ti dàgbà, ó ti gbé Kame níyàwó, wọ́n sì ti bí Daniel. Hawaii ti di ilé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ keje Oṣù Kejìlá ọdún 1941, ọmọ ọdún 17 ni Daniel, ó ń múra ṣọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, ni rédíò bá kéde pé ọkọ̀ òfurufú Japan ti ń ju bọ́ǹbù sí Pearl Harbor, ibùdó ọkọ̀ ogun ojú omi Amẹ́ríkà ní Hawaii. Ó jáde síta, ó rí àmì oòrùn pupa lábẹ́ ìyẹ́ ọkọ̀ náà, ó sì yé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé àwọn tí ń fò lókè yìí jọ òun lójú. Ó ti kọ́ ìtọ́jú pàjáwìrì lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ Red Cross, nítorí náà wọ́n ránṣẹ́ pè é pé kí ó wá ṣètọ́jú àwọn tí ó farapa. Iṣẹ́ dókítà ni ó wù ú ṣe láyé rẹ̀, dókítà oníṣẹ́-abẹ pàápàá, ohun tí ó sì lọ bẹ̀rẹ̀ sí í múra sílẹ̀ fún ní Yunifásítì Hawaii nìyẹn. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ìmọ̀ òfin kọ́ ni ó kọ́kọ́ yàn.

Ìjọba Amẹ́ríkà wá kéde pé àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí ẹ̀jẹ̀ Japan wà lára wọn, bí wọ́n tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà, kò yẹ fún iṣẹ́ ológun; inú ìsọ̀rí àwọn àjèjì ọ̀tá ni wọ́n kó wọn sí. Ní orí ilẹ̀ ńlá, àṣẹ tí Ààrẹ Roosevelt fọwọ́ sí ní Oṣù Kejì ọdún 1942 mú kí wọ́n kó nǹkan bí 120,000 ènìyàn kúrò nílé lọ sí àgọ́ àhámọ́, tọmọdé tàgbà. Ní Hawaii, àwọn ará Japan lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo aráàlú. Bí wọ́n bá kó gbogbo wọn, iṣẹ́ yóò dúró, nítorí náà ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọ́n mú níbẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1943 ni ìjọba yí ohùn padà, tí wọ́n ní kí 1,500 ọ̀dọ́ Hawaii yọ̀ǹda ara wọn fún ẹgbẹ́ ọmọ ogun tuntun kan, 442nd Regimental Combat Team. Nǹkan bí 10,000 ni ó jáde. Inouye fi yunifásítì sílẹ̀ láti wọlé. Ó máa ń sọ bí bàbá rẹ̀ ṣe sìn ín lọ ní àárọ̀ ọjọ́ tí ó lọ, tí kò sọ̀rọ̀ títí ọ̀nà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, tí ó wá sọ fún un pé orílẹ̀-èdè yìí ti ṣe àwọn lóore, pé kí ó má ṣe kó ìtìjú bá a, bí ó bá sì di dandan kí ó kú, kí ó kú pẹ̀lú ọlá.

Ìtàn kan wà láti àgọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wọn, Camp Shelby ní Mississippi, tí mo fẹ́ràn ju ti ojú ogun lọ, nítorí pé níbẹ̀ ni mo rò pé aṣòfin náà ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ Hawaii àti àwọn ọmọ Japan tí ó wá láti orí ilẹ̀ ńlá kò gbọ́ ara wọn yé. Ìjà ni lójoojúmọ́. Àwọn ti Hawaii ń pe àwọn tó kù ní “kotonk”, ìró tí orí òfìfo máa ń mú jáde nígbà tí ó bá balẹ̀, bí àgbọn tí ó já lulẹ̀. Àwọn ọ̀gá wọn wá ṣètò pé kí àwọn ọmọ Hawaii kan lọ kí àwọn ìdílé kan ní Rohwer, ní Arkansas. Wọ́n gbé gìtá àti ukulele dání, wọ́n ń kọrin lọ nínú ọkọ̀, wọ́n rò pé òde ìnáwó ni. Nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀, wọ́n rí wáyà ẹlẹ́gùn-ún, wọ́n rí ilé ìṣọ́, wọ́n rí àwọn sójà Amẹ́ríkà tí wọ́n gbé ìbọn dání, wọ́n sì rí àwọn ìyá àti bàbá àwọn “kotonk” nínú àhámọ́. Inouye ní nígbà tí àwọn ń padà bọ̀, kò sí ẹni tí ó kọrin. Ohun tí ó ń rò ni pé bí ó bá jẹ́ òun ni wọ́n ti ìyá rẹ̀ mọ́lé báyìí, ṣé òun á tún yọ̀ǹda ara òun fún ogun? Ó sọ pé òun kò mọ ìdáhùn. Láti ọjọ́ yẹn, ìjà parí ní Camp Shelby. Ẹ óò rí i pé ìbéèrè ọjọ́ náà tún padà wá bá a ní nǹkan bí ogójì ọdún lẹ́yìn náà, ní ilé ìgbìmọ̀.

Ogun gbé e dé Ítálì ní 1944, lẹ́yìn náà ó gbé e dé òkè Vosges ní ilẹ̀ Faransé, níbi tí 442nd ti lọ yọ àwọn ọmọ ogun Texas kan tí Jámánì ká mọ́ inú igbó. Wọ́n kó ohun tí ó lé ní 200 ènìyàn yọ, nǹkan bí 800 nínú àwọn tí ó lọ kó wọn ni ó sì farapa tàbí kú. Ní àkókò yẹn ni wọ́n fi Inouye ṣe lùtẹ́náǹtì. Nínú ìjà ilẹ̀ Faransé kan náà ni ọta ìbọn bà á láyà, tí owó fàdákà méjì tí ó fi sí àpò sì dá a dúró. Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń kó owó méjèèjì káàkiri bí ońdè. Ó sì sọ wọ́n nù díẹ̀ ṣáájú ọjọ́ 21 Oṣù Kẹrin ọdún 1945.

Ọjọ́ yẹn, nítòsí San Terenzo ní Ítálì, ó ń kó àwọn ọmọ ogun rẹ̀ gun òkè kan tí ìbọn arọ̀jò-ọta mẹ́ta ń ṣọ́. Ọta kan wọ̀ ọ́ níkùn, ṣùgbọ́n kò dúró, ó sì pa ẹnu ìbọn méjì mọ́. Bí ó ti fa irin ìdè bọ́ǹbù àfọwọ́jù yọ, tí ó gbé ọwọ́ sókè láti jù ú sí ẹ̀kẹta, sójà Jámánì kan yìn bọ́ǹbù kékeré láti ẹnu ìbọn, ó sì bà á ní ìgúnpá ọ̀tún, apá náà sì rọ̀ dirodiro. Bọ́ǹbù tirẹ̀ ṣì wà nínú ìkúùkù tí kò gbọ́ràn sí i lẹ́nu mọ́. Ó pariwo sí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ kí wọ́n sún sẹ́yìn, ó fi ọwọ́ òsì já bọ́ǹbù náà gbà lọ́wọ́ ọ̀tún, ó sì jù ú. Lẹ́yìn náà ó tún fi ọwọ́ òsì gbé ìbọn, ó ń yìn ín lọ títí ọta fi bà á lẹ́sẹ̀ tí ó sì ṣubú. Ogun Ítálì parí kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé.

Ní ilé ìwòsàn ojú ogun, abẹ́rẹ́ apàrora tí wọ́n ti fún un ti pọ̀ débi pé àwọn dókítà kò dá a láṣà láti tún fi oògùn oorun kún un nígbà tí wọ́n ń gé apá náà. Ó tún máa ń sọ pé ọ̀pọ̀ ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà sí òun lára wá láti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ogun dúdú ti 92nd Division, tí ẹgbẹ́ tirẹ̀ ń bá jà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Mi ò lè sọ pé nítorí ẹ̀jẹ̀ yẹn ni ó ṣe dìbò fún òfin ẹ̀tọ́ aráàlú ti 1964, èyí tí ó lòdì sí ìyàsọ́tọ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kò gbàgbé ibi tí ẹ̀jẹ̀ náà ti wá.

Ibi tí mo ṣèlérí pé a óò dé nìyí.

Iṣẹ́ dókítà oníṣẹ́-abẹ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò jáde nínú iṣẹ́ ológun títí di 1947, nígbà tí ó ti di kápútẹ́nì, ó sì lo púpọ̀ nínú àkókò yẹn ní ilé ìwòsàn àwọn ológun ní Battle Creek, Michigan, níbi tí ó ti kọ́ bí a ti ń fi ọwọ́ òsì kọ̀wé, tí a fi ń wọ bàtà, tí a fi ń tan sìgá. Níbẹ̀ ni ó ti bá ọ̀dọ́mọkùnrin Kansas kan pàdé tí ọta ti ba apá ọ̀tún tirẹ̀ náà jẹ́ ní Ítálì, Bob Dole ni orúkọ rẹ̀. Inouye bi í pé kí ni yóò ṣe láyé rẹ̀ báyìí, Dole sì ka ètò rẹ̀ fún un: yóò kọ́ òfin, yóò wọ ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ rẹ̀, lẹ́yìn náà Washington. Inouye ní ètò náà dùn mọ́ òun, òun sì gbà á lò. Òun ni ó tilẹ̀ kọ́kọ́ dé Washington, ó sì ránṣẹ́ sí Dole pé òun ti dé, òun kò rí i. (Lọ́yà mìíràn tí ó wà ní ilé ìwòsàn kan náà, Philip Hart, di aṣòfin àgbà bákan náà, orúkọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n fi sọ ilé náà ní 2003.) Ẹ ò rí i pé láti orí bẹ́ẹ̀dì, àwọn ọkùnrin yìí ti ka ìmọ̀ òfin sí àtẹ̀gùn?

Nígbà tí ó ń padà sí Hawaii, ó yà sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan ní California, pẹ̀lú aṣọ ológun lọ́rùn, àmì-ẹ̀yẹ láyà, àti ìkọ́ irin ní ibi tí ọwọ́ ọ̀tún ti wà rí. Onígbàjámọ̀ náà wò ó, ó sì sọ fún un pé àwọn kì í gẹ irun fún ará Japan. Ẹni tí ó bá rò pé oyè akọni ń ṣí ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀, kí ó lọ ro ti ṣọ́ọ̀bù yìí wò.

Ohun tí ó ṣí ilẹ̀kùn ni òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1944, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní GI Bill. Ìjọba ń san owó ilé ẹ̀kọ́ fún ẹni tí ó bá bọ̀ láti ogun, wọ́n sì ń fún un ní owó oúnjẹ lóṣooṣù. Inouye padà sí Yunifásítì Hawaii, ó ka ìmọ̀ ìjọba àti ètò ọrọ̀ ajé, ó gboyè ní 1950. Lẹ́yìn náà ni òun àti Margaret, ìyàwó rẹ̀, kó lọ sí Washington, níbi tí ó ti kọ́ òfin ní George Washington University. Kì í ṣe òun nìkan. Spark Matsunaga, tí ó farapa ní Ítálì, kẹ́kọ̀ọ́ òfin ní Harvard. Àwọn ọmọ oko ìrèké mìíràn náà di lọ́yà, wọ́n di olùkọ́, wọ́n di oníṣòwò, láàárín ọdún mélòó kan péré. Mo máa ń ronú kan àwọn baba wa tí wọ́n kó láti Nàìjíríà lọ sí Burma nínú ogun kan náà, tí ọ̀pọ̀ wọn padà sílé láì rí irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé akínkanjú tiwọn kéré.

Àmọ́ ìwé ẹ̀rí kì í dìbò. Ní Hawaii ìgbà yẹn, ilé iṣẹ́ ńlá márùn-ún kan ni ó di ìrèké, báǹkì, ọkọ̀ ojú omi àti ilẹ̀ mú, ẹgbẹ́ òṣèlú Republican tí wọ́n ń ṣàtìlẹ́yìn fún ni ó sì ń ṣàkóso ilé aṣòfin láti ọdún gbọ́nhan. Ọlọ́pàá àtijọ́ kan tí ń jẹ́ John Burns, aláwọ̀ funfun, tí ó dúró ti àwọn ará Japan nígbà tí gbogbo ènìyàn ń fura sí wọn, wá ń kó àwọn ọmọ ogun tí ó bọ̀ láti ojú ogun jọ sínú ẹgbẹ́ Democratic tí kò rìnlẹ̀. Inouye wà lára wọn kí ó tó lọ kọ́ òfin, ó sì padà sáàárín wọn nígbà tí ó dé. Láti 1953 ó ń ṣe agbẹjọ́rò ìjọba ní Honolulu, iṣẹ́ tí ó gbé e dé iwájú adájọ́ lójoojúmọ́, tí ó sì kọ́ ọ ní bí a ti ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí kò fẹ́ sọ òtítọ́. Ní 1954, àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí kan ilẹ̀kùn káàkiri ìlú, pẹ̀lú ìtìlẹ́yìn ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ oko àti èbúté, wọ́n sì gba ilé aṣòfin méjèèjì lọ́wọ́ Republican fún ìgbà àkọ́kọ́; Inouye wà lára àwọn tí ó wọlé.

N kò ní fi ohun kan pamọ́ fún yín. Nínú ìpolongo ọdún náà, nígbà tí àwọn alátakò ń pe Democratic ní kọ́múníìsì, Inouye gbé apá aṣọ rẹ̀ tí ó ṣófo sókè níwájú ogunlọ́gọ̀, ó ní òun fi apá yìí bá àwọn fásísì jà, bí ó bá sì di dandan, òun á fi èkejì bá kọ́múníìsì jà. Àtẹ́wọ́ sọ. Nítorí náà, ogun ṣiṣẹ́ fún un, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ohùn tí ó gbé apá náà sókè ti kọ́ bí a ti ń rojọ́, àwọn tí ó sì ń gbọ́ ọ ti wà nínú ẹgbẹ́ tí ó ti ń tò jọ láti ọdún mélòó kan.

Hawaii di ìpínlẹ̀ ní ọjọ́ 21 Oṣù Kẹjọ ọdún 1959, Inouye sì ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó ní ẹ̀jẹ̀ Japan lára tí yóò jókòó ní ilé ìgbìmọ̀ ní Washington. Akẹgbẹ́ rẹ̀ kan, Leo O’Brien, ni ó sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ ìbúra. Abẹnugan ilé, Sam Rayburn, ní kí ó gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sókè, kí ó máa wí tẹ̀ lé òun. Ọwọ́ òsì ni ó gbé sókè. Gbogbo ilé dákẹ́ rọ́rọ́.

Ní 1962 ó dupò aṣòfin àgbà. Ọmọ ìdílé Dillingham, tí wọ́n la ojú irin tí ń kó ìrèké, ni ó bá a du ú. Ọmọ-ọmọ Asakichi fi ohun tí ó ju ìlọ́po méjì ìbò rẹ̀ lọ borí. Kò sí ẹni tí ó tún lè yọ ọ́ kúrò níbẹ̀ títí ó fi kú.

Kí ni ó wá fi ìmọ̀ òfin náà ṣe? Ní 1973 ó wà lára àwọn aṣòfin àgbà méje tí wọ́n ṣèwádìí ọ̀ràn Watergate, ìyẹn ìfọ́lé ọ́fíìsì ẹgbẹ́ Democratic tí àwọn ènìyàn Ààrẹ Nixon gbìyànjú láti bò mọ́lẹ̀, níbi tí lọ́yà àwọn amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ Ààrẹ Nixon ti inú bí débi tí ó fi pè é ní “Jap kékeré yẹn”, ọ̀rọ̀ èébú fún ará Japan, létí àwọn akọ̀ròyìn. Ní 1976 ni wọ́n fi í ṣe alága àkọ́kọ́ fún ìgbìmọ̀ tí ń bojú tó iṣẹ́ àwọn amí ìjọba. Ṣùgbọ́n ibi tí mo ti rí sójà, lọ́yà àti aṣòfin lójú kan náà ni ọdún 1987, nígbà tí ó jẹ́ alága ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà tí ó ṣèwádìí bí àwọn òṣìṣẹ́ Ààrẹ Reagan ṣe ta ohun ìjà fún Iran, tí wọ́n sì fi owó rẹ̀ ran àwọn ọlọ̀tẹ̀ Nicaragua lọ́wọ́ ní bòókẹ́lẹ́. Oliver North wá jẹ́rìí nínú aṣọ ológun, àmì-ẹ̀yẹ kún àyà rẹ̀, ó ní àṣẹ àwọn ọ̀gá òun ni òun tẹ̀ lé, ọ̀pọ̀ aráàlú sì ń yìn ín. Ẹnikẹ́ni mìíràn tí ó bá bá a wí, wọ́n á ní kò mọ ohun tí ogun jẹ́. Inouye fi ohùn jẹ́jẹ́ rán an létí pé àṣẹ tí ó bá òfin mu nìkan ni òfin ológun ní kí sójà tẹ̀ lé, pé ojúṣe rẹ̀ ni láti kọ èyí tí ó lòdì sí òfin, ó sì mẹ́nu ba ẹjọ́ Nuremberg, níbi tí wọ́n ti dá àwọn olórí Nazi ilẹ̀ Jámánì lẹ́jọ́ lẹ́yìn ogun. Agbẹjọ́rò North fò dìde láti dá ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ta ni ìbá tún lè sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọkùnrin tí ó wọ aṣọ ológun, bí kò ṣe ẹni tí ó ti wọ̀ ọ́, tí ó sì tún ka ìwé òfin rẹ̀?

Ìkejì ni ọ̀rọ̀ Rohwer. Nígbà tí àwọn ará Japan ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè owó ìtanràn fún ìyà àhámọ́ náà, Inouye gbà wọ́n nímọ̀ràn ní 1979 pé kí wọ́n má tíì béèrè owó. Kí ilé ìgbìmọ̀ kọ́kọ́ gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀, kí àwọn tí ìyà jẹ wá jẹ́rìí níta gbangba. Inú bí àwọn kan, wọ́n ní ìdádúró lásán ni. Mo rí èrò agbẹjọ́rò nínú rẹ̀: ẹ̀rí kọ́kọ́ ni, kí a tó sọ iye owó. Wọ́n ṣe òfin ìgbìmọ̀ náà ní 1980, ẹ̀rí jáde, Matsunaga sì lọ ń bá àwọn aṣòfin àgbà sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí ìbò fi pé. Ní ọjọ́ 10 Oṣù Kẹjọ ọdún 1988, Reagan fọwọ́ sí òfin tí ó tọrọ àforíjì, tí ó sì fún olúkúlùkù ẹni tí ó ṣì wà láyé nínú àwọn tí wọ́n tì mọ́lé ní 20,000 dọ́là. Òfin wà, owó kò sí. Inouye, tí ó wà nínú ìgbìmọ̀ ìṣúná, ni ó wá ọ̀nà tí wọ́n fi sọ owó náà di ohun tí ìjọba gbọ́dọ̀ san, tí kì í ṣe èyí tí wọn yóò máa jiyàn lé lórí lọ́dọọdún, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í san án ní 1990.

Kò mọ́ bí ẹyin o. Àwọn kan kò dáwọ́ àríwísí dúró nípa bí ó ṣe ń da owó ìjọba àpapọ̀ sí Hawaii, òun sì ń fọwọ́ sọ̀yà pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni òun ń ṣe. Ní 1992, obìnrin kan tí ó máa ń gẹ irun rẹ̀ fi ẹ̀sùn ìwà àìtọ́ sí obìnrin kàn án. Ó ní irọ́ ni, wọn kò gbé e lọ sí ilé ẹjọ́, ó sì tún wọlé ìbò ọdún náà. Ẹni tí ó bá ń sọ ìtàn rẹ̀ fún ọ̀dọ́, kí ó má fo ìyẹn. Ọjọ́ 17 Oṣù Kejìlá ọdún 2012 ni ó kú, nígbà tí ó jẹ́ pé òun ni ó pẹ́ jù lọ nínú gbogbo aṣòfin àgbà tí ó wà lórí àga. “Aloha”, ọ̀rọ̀ ìkíni àti ìdágbére àwọn ará Hawaii, ni ọ̀rọ̀ tí ó sọ kẹ́yìn.

Ní ti àbúrò yín, ohun méjì ni kí ó mójú tó nísinsìnyí, kí ó má dúró de ọjọ́ tí yóò fẹ̀yìntì. Àkọ́kọ́, GI Bill òde òní tí àwọn tí ó ṣiṣẹ́ ológun lẹ́yìn ọdún 2001 ń lò kì í sábà ju oṣù 36 lọ. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tí kò bá tíì gboyè àkọ́kọ́ kì í sábà rí ọ̀nà wọ ilé ẹ̀kọ́ òfin, ọdún mẹ́ta sì ni ẹ̀kọ́ òfin fúnra rẹ̀. Bí ó bá fi oṣù 36 náà kẹ́kọ̀ọ́ gboyè àkọ́kọ́, kò ní sí ohun tí yóò kù fún òfin. Nítorí náà, kí ó béèrè nípa owó ìrànlọ́wọ́ tí àwọn ológun máa ń fún ẹni tí ó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ láti fi kàwé, kí ó fi ìyẹn gba oyè àkọ́kọ́, kí ó sì fi GI Bill pamọ́ de ilé ẹ̀kọ́ òfin. Ìkejì, níwọ̀n ìgbà tí ó bá ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ológun gangan, òfin kò gbà á láyè láti polongo ìbò fún ẹgbẹ́ òṣèlú tàbí kí ó du ipò lábẹ́ àsìá rẹ̀. Ó lè dìbò, ó sì lè lọ sí ìpàdé àwọn aráàlú láti gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, níwọ̀n bí kò bá ti wọ aṣọ ológun lọ. Kí ó tètè bẹ̀rẹ̀ sí í lọ.